Oúnjẹ Òòjọ́: Nígbà Tó Ku ₦3,400 Lọ́wọ́ Mi

  Bó bá jẹ́ inú ọkọ̀ lẹ ti ń gbọ́ mi, ẹ di fóònù yín mú dáadáa. Bó bá sì jẹ́ pé ńṣe lẹ̀ ń kà á nítorí dátà yín kò tó láti gbọ́ ohùn, ẹ má ṣèyọnu, ọ̀rọ̀ yín gan-an la fẹ́ sọ lónìí.

Mo ti ń sún ètò yìí síwájú láti bí oṣù mélòó kan. Ẹnìkan nínú yín fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí Kristẹni ṣe lè gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run fún oúnjẹ òòjọ́ nígbà tí gbogbo nǹkan ti gbówó lórí báyìí. Mo ní màá ṣe é. Mi ò ṣe é. Mo mọ̀ pé mi ò lè sọ ọ́ láìsọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ọ̀hún sì ń tì mí lójú.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká kúkú bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti ń tini lójú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ mi tipẹ́ mọ̀ pé iṣẹ́ fídíò ni mo fi ń jẹun. Mo máa ń yà á, mo máa ń gé e, mo máa ń to ohùn sí i. Lọ́dún tó kọjá, mo ṣe fídíò mẹ́fà fún iléeṣẹ́ kan nílùú Ìbàdàn níbí. Mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n san díẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní tí mo bá ti parí iṣẹ́, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ni ìyókù máa wọlé. Ọ̀sẹ̀ méjì di mẹ́rin, mẹ́rin di mẹ́sàn-án. Nígbàkígbà tí mo bá pe ọ̀gá tó gbé iṣẹ́ fún mi, wọ́n á ní, "Àbúrò, ó ti wà lọ́dọ̀ akáúńtì." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ àdáni mọ gbólóhùn yẹn. Ó dà bíi pé akáúńtì jẹ́ odò kan tówó máa ń bọ́ sí tí kì í sí jáde.

Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ₦3,400 ló kù lọ́wọ́ mi. Gáàsì ti tán. Iṣẹ́ kékeré kan yọjú tí mo lè ṣe, ṣùgbọ́n mo nílò dátà láti fi í ránṣẹ́, mo sì nílò epo jẹnẹrétọ̀ kí n tó lè ṣe é rárá. Ni mo bá gba owó lórí áàpù ayánilówó. ₦20,000 ni mo tọrọ. ₦14,000 ló wọlé, wọ́n ti yọ èlé wọn kí owó tó dọ́wọ́ mi, wọ́n sì ní lẹ́yìn ọjọ́ méje kí n dá ₦20,000 pé. Kí wọ́n tó fún mi, áàpù náà béèrè bóyá òun lè wo gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù mi. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni, bá a ṣe máa ń tẹ ohun gbogbo láìkà á.

Iṣẹ́ kékeré yẹn náà kò sanwó lásìkò. Ní ọjọ́ kẹjọ, àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn mi, pẹ̀lú àwòrán mi, pé olè ni mí, pé oníjìbìtì ni mí, pé kí ẹnikẹ́ni tó bá rí mi mú mi. Ó dé ọ̀dọ̀ aṣíwájú ẹgbẹ́ akọrin wa. Ó dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan tó kọ́ mi ní yunifásítì. Ní ọjọ́ kẹwàá, ó dé ọ̀dọ̀ Màámi.

Màámi ń ta èlùbọ́ lọ́jà. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé kà, nítorí náà bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá wọlé, wọ́n á na fóònù sí ọmọ ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ wọn kó bá wọn kà á. Ọmọ náà bá wọn kà á. Sókè. Láàárín ọjà.

Ẹ jẹ́ kí n mumi díẹ̀.

Ohun tó mú kí n fẹ́ sọ èyí lórí ètò yìí ni pé ní ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú, mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo di ojú, mo sì ka Àdúrà Olúwa pẹ̀lú gbogbo ìjọ. Mo tọrọ oúnjẹ òòjọ́ pẹ̀lú ẹnu ara mi. Nígbà tí Màámi wá pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tí mi ò gbé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi: kí ni mo wá tọrọ gan-an lọ́jọ́ Ìsinmi?

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ òòjọ́ yìí lákàtúnkà. Àwa Yorùbá mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ òòjọ́ ẹni ni ohun tó ń gbéni jáde nílé láàárọ̀. Tẹ́ ẹ bá bi bàbá àgbà kan léèrè iṣẹ́ òòjọ́ wọn, kì í ṣe iye tó wà ní báǹkì lẹ̀ ń béèrè. Ẹ̀ ń béèrè ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe.

Ẹ sì wò ó, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà níbẹ̀ nínú Ìhìn Rere, epiousios, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó le jù láti tú nínú gbogbo Májẹ̀mú Tuntun. Origen, ọ̀mọ̀wé ìjọ kan ní ọ̀rúndún kẹta, tó ń fi Gíríìkì kọ̀wé, sọ pé òun ò bá ọ̀rọ̀ náà pàdé lọ́wọ́ àwọn òǹkọ̀wé Gíríìkì, pé ó jọ pé àwọn tó kọ Ìhìn Rere ló ṣẹ̀dá rẹ̀. Jerome tó tú Bíbélì sí èdè Látìn lo ọ̀rọ̀ kan fún un nínú Mátíù, ó tún lo òmíràn nínú Lúùkù, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ni. Àwọn kan ní ó túmọ̀ sí oúnjẹ ti òní, àwọn kan ní ti ọjọ́ tó ń bọ̀, àwọn mìíràn ní oúnjẹ tó tó gbé ẹ̀mí ró. Nígbà tí Bíbélì Yorùbá jáde lódindi lọ́dún 1884, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àtàwọn tó bá a ṣe é ti lò lórí rẹ̀, òòjọ́ ni tiwa. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ó gbé ọjọ́ dání, ó sì gbé iṣẹ́ dání.

Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, kì í ṣe oúnjẹ òòjọ́ lèmi ń tọrọ. Oúnjẹ ọdún mẹ́wàá ni mò ń tọrọ. Álẹ́ẹ̀tì ńlá ni mò ń wá, èyí tí màá fi sinmi àdúrà. Ṣé ẹ rí i? Mo fẹ́ kí Ọlọ́run fún mi lówó tó máa jẹ́ kí n má nílò Rẹ̀ mọ́ títí di ọdún tó ń bọ̀.

Nínú Ẹ́kísódù orí 16, ohun tí Ọlọ́run fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ní aginjù yàtọ̀ pátápátá sí ìyẹn. Oṣù kan péré ni wọ́n ti kúrò ní Íjíbítì, ebi dé, wọ́n sì ń ṣàárò ìkòkò ẹran tó wà lóko ẹrú. Bí ìrì bá ti gbẹ láàárọ̀, nǹkan kan á wà lórí ilẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó kéré. Wọn ò mọ̀ ọ́n, wọ́n ní kí nìyí, ìyẹn ló sì di orúkọ rẹ̀: mánà. Òṣùwọ̀n ómérì kan fún orí kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní láti jáde lọ ṣà á fúnra wọn, wọ́n sì ní láti jí, torí tí oòrùn bá ti mú, ó ti yọ́ nìyẹn. Ẹni tó ṣà púpọ̀ kò ní àṣẹ́kù, ẹni tó ṣà díẹ̀ kò ṣaláìní. Ẹni tó bá sì fi pa mọ́ di ọjọ́ kejì, ìdin ló máa bá níbẹ̀, pẹ̀lú òórùn. Ogójì ọdún ni wọ́n fi jẹ ẹ́, títí wọ́n fi dé ilẹ̀ Kénáánì tí wọ́n jẹ irè oko ibẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ìyẹn, ó dáwọ́ dúró.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á báyìí, ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Mo ní, ṣé pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn fi owó pa mọ́ ni? Mo bi Màámi. Ẹ má gbàgbé pé Màámi ti ń dá àjọ látìgbà tí wọn ò tíì bí mi. Alájọ máa ń wá sí ìsọ̀ wọn lójoojúmọ́, wọ́n á fún un ní iye kan náà, á fàlà sórí káàdì, lópin oṣù á kó o fún wọn, á yọ ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ tirẹ̀.

Màámi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọjọ́ kẹfà ńkọ́?"

Mo ní, "Ọjọ́ kẹfà wo, mà?"

Wọ́n ní, "Ìwọ tó o lọ yunifásítì. Ṣé wọn kì í ṣà á ní ìlọ́po méjì lọ́jọ́ kẹfà, tí wọ́n á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ keje? Ṣé ó rà?"

Kò rà. Ó wà níbẹ̀, kedere. Ti ọjọ́ kẹfà kò rà, kò sì ní ìdin, torí pé wọ́n fi í sílẹ̀ kí wọ́n lè sinmi bí Ọlọ́run ṣe ní kí wọ́n ṣe. Òmíràn tún wà tí kò rà, ìyẹn ómérì kan tí Mósè ní kí Áárónì fi sínú ìkòkò kí àwọn ìran tó ń bọ̀ lè rí i. Mánà kan náà ni gbogbo rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi pa mọ́ nítorí ìbẹ̀rù pé Ọlọ́run lè má wá lọ́la nìkan ló di ìdin. Jósẹ́fù náà kó ìdá márùn-ún ọkà Íjíbítì pa mọ́ fún ọdún méje, ó sì jẹ́ pé òun ni wọ́n fi bọ́ ilẹ̀ náà nígbà ìyàn, tó fi mọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n tà á sóko ẹrú. Màámi kò ka ìwé ẹ̀kọ́ Bíbélì kankan rí o. Gbígbọ́ ni wọ́n ń gbọ́ ọ, wọ́n sì máa ń rántí.

Àjọ yẹn náà ni wọ́n fi gbà mí. Nígbà tí mo gbé ìpè wọn nígbẹ̀yìn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ti ń múra ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni, "Ṣé o ti jẹun?" Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Èló ni?" Ó ti di ₦24,500 pẹ̀lú owó ìtanràn. Wọ́n ti dá àjọ ₦1,000 lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́tàlélógún lóṣù yẹn. Alájọ yọ ₦1,000 tirẹ̀, ó kó ₦22,000 fún wọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n fi ₦2,500 kún un látinú owó tí wọ́n fẹ́ fi ra ọjà. Mo san án. Àtẹ̀jíṣẹ́ dáwọ́ dúró.

Nítorí náà tẹ́nì kan bá bi mí pé ṣé Ọlọ́run pèsè lọ́sẹ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni, ó pèsè. Àmọ́ ẹ wo ọ̀nà tó gbà. Ó gba ìsọ̀ èlùbọ́ kọjá, ó gba ọwọ́ obìnrin kan tó ti ń yọ ẹgbẹ̀rún kan sílẹ̀ lójoojúmọ́ kọjá. Mi ò lè pe ìyẹn ní iṣẹ́ ìyanu kí n wá máa jẹ́rìí níwájú ìjọ bíi pé owó já bọ́ láti òkè. Ẹnìkan san án. Ẹnìkan kò rí ọjà tó tó rà lọ́sẹ̀ yẹn nítorí mi.

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí i pé kò sí "mi" nínú Àdúrà Olúwa rárá. "Wa" ni. Oúnjẹ tí mò ń tọrọ níbẹ̀, tèmi àti tìrẹ ni. Ó lè jẹ́ pé ìdáhùn àdúrà tìrẹ wà nínú àpò mi, kó sì jẹ́ pé mo ń lò ó láti ra bàtà.

Mò ń ka ìtàn George Müller lákòókò kan náà. Ẹ ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu oníwàásù. Wọ́n fẹ́ràn ìtàn àárọ̀ ọjọ́ tí kò sí oúnjẹ lórí tábìlì tẹ́nì kan sì kan ilẹ̀kùn. Mi ò ní tún ìyẹn sọ. Ohun tó wú mi lórí ni ìwé ìṣirò owó rẹ̀. (Ẹ má bínú, èmi tí akáúńtì ti jẹ́ kójú mi rí màbo.)

Ọdún 1805 ni wọ́n bí i ní Kroppenstedt, ní ilẹ̀ Prussia, èyí tó di ara Jámánì. Olè ni nígbà èwe rẹ̀, mi ò fi pa àṣà o. Ó jí owó bàbá rẹ̀, ó sì ṣẹ̀wọ̀n lọ́mọ ọdún 16 nítorí ó gbé ní hòtẹ́ẹ̀lì, kò sanwó. Lẹ́yìn tó di onígbàgbọ́, ó kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1830, ó ní òun ò gba owó oṣù mọ́ lọ́wọ́ ìjọ tóun ń darí, torí pé láti ara owó àyálò ìjókòó ló ti ń wá: olówó á san owó ìjókòó iwájú, tálákà á wà lẹ́yìn. Ó dé Bristol lọ́dún 1832. Lọ́dún 1836, ó gba nǹkan bí ọmọbìnrin aláìlóbìí 30 sínú ilé kan ní òpópónà Wilson. Nígbà tó máa fi di ọdún 1870, ilé ńlá márùn-ún ló wà ní Ashley Down tó lè gba àwọn ọmọ tó lé ní 2,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Kó tó kú lọ́dún 1898, àwọn ọmọ tó ti gba ọwọ́ wọn kọjá lé ní 10,000.

Ó ní òun ò ní sọ àìní òun fún èèyàn kankan, àfi Ọlọ́run. Ó ní òun ò ní jẹ gbèsè. Ó sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, tó fi mọ́ ẹyọ owó kéékèèké, ó ń tẹ ìròyìn jáde lọ́dọọdún kí ẹni tó fi nǹkan sílẹ̀ lè rí i. Ibi tó wọ̀ mí lára jù ni òpin ọdún 1841. Àkókò ìpàdé àti ìròyìn ọdọọdún tó, bẹ́ẹ̀ owó ti gbẹ lọ́wọ́ wọn pátápátá. Tó bá gbé ìròyìn jáde nígbà yẹn, àwọn èèyàn á gbọ́ bí nǹkan ṣe le tó, wọ́n á sì fowó ránṣẹ́. Ó sún un síwájú. Kò fẹ́ kí ìròyìn náà di ọgbọ́n àtitọrọ owó.

Ẹ fi ìyẹn wé ohun tá à ń rí lórí fóònù wa, níbi tí wọ́n ti ń ní kó o fi owó ọkọ̀ rẹ tó ṣẹ́ kù gbin irúgbìn kí àgogo tó lu méjìlá, pẹ̀lú nọ́ńbà àkáǹtì nísàlẹ̀ fídíò. Mo ti ṣe é rí, mo sì fẹsẹ̀ rìn délé. Mo mọ̀ pé opó kan wà tó fi gbogbo ohun tó ní sínú àpótí. Jésù yìn ín. Àmọ́ Máàkù jẹ́ ká mọ̀ pé kété ṣáájú ìyẹn ni Jésù bá àwọn akọ̀wé wí pé wọ́n ń jẹ ilé àwọn opó run. Ìtàn méjèèjì tò tẹ̀ léra wọn. Mi ò rò pé èèṣì ni.

Mo ní àríwísí díẹ̀ fún Müller náà. Àìtọrọ lọ́wọ́ èèyàn, ìpè tirẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe òfin fún gbogbo wa. Pọ́ọ̀lù tọrọ. Ó kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé kí wọ́n dáwó fún àwọn aláìní ní Jerúsálẹ́mù, ẹ sì mọ ohun tó tọ́ka sí nínú Kọ́ríńtì Kejì orí 8? Mánà. Pé ẹni tó kó púpọ̀ kò ní àṣẹ́kù, ẹni tó kó díẹ̀ kò ṣaláìní. Ní aginjù, òṣùwọ̀n ómérì ló ń mú un dọ́gba. Nínú ìjọ, Pọ́ọ̀lù ní àwa la máa mú un dọ́gba. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6, àwọn opó kan wà tí wọ́n ń fò dá nínú ìpín oúnjẹ ojoojúmọ́. Àwọn àpọ́sítélì kò ní kí wọ́n lọ gbààwẹ̀ sí i. Wọ́n yan ọkùnrin méje láti bójú tó o. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́ lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń di ìwé orúkọ mú?

Ìyẹn ló gbé mi padà sórí owó fídíò mẹ́fà.

Òfin Mósè sọ ọ́ gbangba nínú Diutarónómì orí 24: alágbàṣe tó jẹ́ tálákà, san owó rẹ̀ fún un lọ́jọ́ tó ṣiṣẹ́, kí oòrùn tó wọ̀, torí ọkàn rẹ̀ wà lórí owó náà. Jákọ́bù ní owó ọ̀yà tí wọ́n fi du àwọn òṣìṣẹ́ ń ké, Ọlọ́run sì ń gbọ́. Kódà nínú àkàwé ọgbà àjàrà tá a máa ń fi wàásù oore ọ̀fẹ́, tírọ̀lẹ́ bá ti lẹ́, olóko á pe òṣìṣẹ́, á sanwó fún un. Kò sọ pé ó ti wà lọ́dọ̀ akáúńtì.

Ṣé ẹ rí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí mi? Mo ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án láti máa bi Ọlọ́run pé kí ló dé tí kò pèsè. Ó ti pèsè. Mo ti ṣiṣẹ́, iṣẹ́ náà ti parí, wọ́n ti ń lo fídíò mi lórí Instagram wọn. Ẹnìkan ló jókòó lé oúnjẹ òòjọ́ mi lórí. Mo ti ń pe ìyẹn ní àdánwò ìgbàgbọ́ nígbà tó jẹ́ pé gbèsè ni orúkọ rẹ̀.

Mo tẹ ìwé owó iṣẹ́ náà jáde, mo lọ jókòó sí ibi ìgbàlejò wọn láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Mo kí gbogbo èèyàn tó wọlé. Mi ò pariwo. Ọjọ́ kìíní kọjá. Lọ́jọ́ kejì, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ọ̀gá náà jáde, wọ́n ní, "Àbúrò, o ò ní sùúrù." Mo ní, "Mo ní, sà. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá." Wọ́n san ìdajì kí n tó kúrò níbẹ̀. Mo rántí opó inú Lúùkù orí 18, tó ń lọ bá adájọ́ burúkú títí ó fi sú adájọ́. Orí àdúrà ni Jésù pa àkàwé yẹn lé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni obìnrin náà fi rìn lọ.

Ẹnìkan á sọ pé, ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run kò yẹ kébi pa. Mi ò gbà. Ebi pa Pọ́ọ̀lù. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ nínú Kọ́ríńtì Kejì orí 11, ebi, òǹgbẹ, òtútù, àìláṣọ, léraléra. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń kọ sára T-shirt látinú Fílípì orí 4, pé a lè ṣe ohun gbogbo nípasẹ̀ Kristi, ẹ ka ẹsẹ tó ṣáájú rẹ̀. Ebi ló ń sọ. Ó ní òun ti kọ́ bí a ṣe ń yó, òun sì ti kọ́ bí a ṣe ń wà nínú ebi. Kì í ṣe ìdánwò JAMB, kì í ṣe físà. Inú àhámọ́ ló ti kọ ọ́, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Fílípì torí wọ́n fi nǹkan ránṣẹ́ sí i.

Mi ò tíì kọ́ ọ débẹ̀. Bí mi ò bá rí álẹ́ẹ̀tì fún ọ̀sẹ̀ méjì, àyà mi ṣì máa ń já. Ohun tó yí padà kéré. Mo ti yọ áàpù yẹn kúrò, mo sì wọ ibi ètò fóònù mi, mo gba àṣẹ wíwo nọ́ńbà kúrò lọ́wọ́ àwọn mìíràn tí kò nídìí láti ní in. (Ẹ ṣe é lónìí, ẹ jọ̀ọ́.) Láàárọ̀, kí n tó tan dátà, mo máa ń sọ fún Ọlọ́run ní tààrà ohun tí ọjọ́ náà nílò, pẹ̀lú iye rẹ̀: gáàsì kan, epo lítà méjì, owó ọkọ̀. Tó bá délẹ̀ lálẹ́, màá kọ ohun tó wọlé sílẹ̀ àti ọwọ́ ẹni tó gbà wá. Àṣà Müller nìyẹn. Kíkọ orúkọ èèyàn sílẹ̀ ló ń yà mí lẹ́nu jù, torí ó ṣọ̀wọ́n kí ojú ìwé kan wà tí kò sí orúkọ ẹnìkankan.

Màámi sì ti fà mí lé alájọ wọn lọ́wọ́. ₦500 lójúmọ́. Mo máa ń fi ránṣẹ́ láti orí fóònù, ó sì máa ń fàlà sórí káàdì tèmi tó wà ní ìsọ̀ wọn. Mo ti dá ₦15,000 padà nínú ₦24,500. Wọ́n ní àwọn ò béèrè. Mo ní mo mọ̀, mà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iléeṣẹ́ tó jẹ mí lówó pè. Wọ́n fẹ́ fídíò mẹ́rin mìíràn. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ san ìdajì tó kù, kí wọ́n sì san ìdajì ti tuntun kí n tó gbé kámẹ́rà. Wọ́n ní àwọn á padà pè mí. Títí di bí mo ṣe ń gba ohùn yìí sílẹ̀, wọn ò tíì pè. Ẹ̀wà wà nílé, gáàsì sì wà.

Tẹ́ ẹ bá ní ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ lórí èyí, ẹ fi ohùn ránṣẹ́, pàápàá ẹ̀yin tí mánà ọjọ́ kẹfà Màámi kò tíì yé. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.